Ta Ni Yóò Pè Yín Lórí Omi?

Ilé Moráyọ̀,
Tavy Bridge, Thamesmead,
London.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Olówó orí mi, Daddy Moráyọ̀,

Ẹ kú ojú omi o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú atẹ́gùn. Mo nírètí pé ara yín le, pé orúnkún yín kò dùn yín jù, àti pé ẹ ń jẹun gidi, kì í ṣe bisikíìtì àti tíì nìkan. Àwa tí a wà níbí wà láàyè, a dúpẹ́. Moráyọ̀ ọmọ yín ń kí yín. Asher, ọmọ-ọmọ yín, ti ń sanra, ó ti ń fi ojú wá èèyàn kiri. Bí ó bá sì ń sunkún, àwọn ará òkè ilé pàápàá ń gbọ́.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Lórí fóònù, kí n tó la ẹnu, ẹ ti dá àpárá, mo ti rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì Moráyọ̀ pẹ̀lú bírò. Òun ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Grenada. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Ó ti rẹ̀ mí, Daddy Moráyọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìtọ́jú ọmọ tí mo wá ṣe lọ́dọ̀ Moráyọ̀ ló rẹ̀ mí. Rárá o. Mò ń wẹ ọmọ, mò ń pọ̀n ọ́n, ìyẹn ń rẹni, ṣùgbọ́n tí mo bá sùn, ó ń lọ. Àárẹ̀ tí mo gbé ti orí ọkọ̀ ojú omi wa bọ̀ ni kò lọ. Aṣọ tí a ń fi omi iyọ̀ fọ̀ tí kì í gbẹ dáadáa, ìkòkò tí mo máa ń so mọ́ sítóòfù kí ọbẹ̀ má baà dà sí mi lẹ́sẹ̀, omi mímu tí a ń wọ̀n bí oògùn, ẹ́ńjìnnì tí ẹ máa ń tú palẹ̀ sórí ibùsùn wa ní gbogbo erékùṣù tí a bá dé. Ìsinmi lẹ sọ ọkọ̀ náà. Ẹ dákun, ta ló sinmi níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich láti ra panla àti ata rodo. Ní Powis Street ni mo ti pàdé Akínwándé, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ wa bọ́ọ̀sì kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ó pariwo mọ́ mi láàrin èrò: "Mummy Moráyọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń jayé ní erékùṣù! Ẹ wo bí ẹ ṣe ń dán!" Ó ní gbogbo wọn ní gáráàjì ló ń wo fọ́tò yín. Mo rẹ́rìn-ín. Kò kúkú sí ọjọ́ tí ẹ já sómi nínú àwọn fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́.

Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. A jọ ta ilé wa ra ọkọ̀ náà ni, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Mo mọ iye òtútù àárọ̀ tó ti gbé yín jáde nílé lọ wa bọ́ọ̀sì, tí ẹ máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, ẹ ó rin ọ̀nà tí kò ní ibùdókọ̀ kankan. Àárọ̀ tí ìjàpá òkun yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní erékùṣù Bequia, tí ẹ ń pariwo bí ọmọdé, inú mi dùn fún yín dénú. Ó ṣì ń dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ìtàn ọjọ́ tí ẹ já sómi di àwàdà fún gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà nítòsí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí èmi ṣe rí i. Ọ̀sán gangan ni, a ń bọ̀ láti erékùṣù Carriacou. Ẹ lọ sí iwájú láti tú okùn ìgbòkun tó lọ́ mọ́ra. Ẹ ò wọ jákẹ́ẹ̀tì tí í mú èèyàn léfòó, ẹ ní ooru ń mú yín. Èmi wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ìgbì kan gbé ọkọ̀ sókè, mo di nǹkan mú. Nígbà tí n ó fi wo iwájú, ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Orí yín nìkan ni mo rí lẹ́yìn ọkọ̀, bí àgbọn tó léfòó. Mo já ìgbòkun wálẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo yí ọkọ̀ padà bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo ju okùn. Àmọ́ ẹ ò mọ ibi tí ọkọ̀ wà mọ́, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ń wẹ̀ lọ sínú agbami. Mò ń pariwo, "Daddy Moráyọ̀! Daddy Moráyọ̀!" Ẹ ò gbọ́, atẹ́gùn ń gbé ohùn mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè yín láti ọjọ́ tí a ti bí Moráyọ̀, torí màmá mi kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Ọlọ́run mi o! Mi ò mọ ìgbà tí mo ké, "Bíyìí! Bíyìí! Yíjú síbí! Na ọwọ́ ẹ!" Ìgbà náà lẹ tó yíjú, tí ẹ rí okùn.

Nígbà tí ẹ dé orí ọkọ̀, tí ẹ ń bi omi iyọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé èmi lo pè lórúkọ?" Èyí ni ẹ fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ nǹkan kejì, tí ẹ kì í sọ fún wọn. Ẹ ní apá yín ti kú, ẹ ti ń jọ̀wọ́ ara yín, kí ẹ tó gbọ́ orúkọ yín. Ẹ ní ẹ rò pé màmá yín ló ń pè yín wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní báyìí, ẹ ní bí mi ò bá padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó dá Ìsinmi wà lọ sí Trinidad, níbi tí ìjì kì í sábà jà, kí àsìkò ìjì tó dé. Ẹ dá a wà kẹ̀! Mi ò ní padà sórí ọkọ̀ yẹn, Daddy Moráyọ̀. Moráyọ̀ kò dì mí mú, mi ò sì bínú sí yín. Agbára mi ló tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Trinidad, tí mo bá ń wẹ ọmọ, ẹ̀rù ń bà mí, mò ń bi ara mi pé: tí ẹ bá tún já sómi, ta ni yóò pè yín?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀ ní Grenada níbẹ̀, kí ẹ wọ bàálù. Yàrá àti pálọ̀ kan máa tó ṣófo nísàlẹ̀ ilé yìí, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún omi. Òtútù wà, mi ò ní tàn yín. Ẹ ó máa ráhùn, ẹ ó máa wo omi láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Tí ẹ bá sinmi tán tí ọkàn yín ṣì wà níbẹ̀, a ó jọ sọ ọ́ lójúkojú.

Kí Ọlọ́run tó yọ yín lọ́jọ́ náà má fi yín sílẹ̀. Omi ò ní gbé yín lọ. Ọwọ́ yín ni ẹ ó fi gbé Asher, a ó sì jọ fi ọwọ́ pa ewú ara wa lórí. Àmín.

Èmi ni ìyàwó yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Adébísọ́lá, Mummy Moráyọ̀.

Àfikún: Moráyọ̀ ti ka lẹ́tà yìí kó tó ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, "Mummy, Daddy máa kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fa ìdákọ̀ró sókè." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó dáa, kí màmá mi forí jì mí. Bíyìí! Bíyìí! Yíjú síbí. Na ọwọ́ ẹ. Máa bọ̀ nílé.