Ẹ Má Wulẹ̀ Wá Fìlà Yín

Bàbá Ọmọ́ṣọlá, bí ẹ bá ti rí ìwé yìí, ẹ káàbọ̀ láti oko. Ọmọ yín ti múra láti ìdájí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó tó gbọ́ pé ẹ tún ti gba oko Ìdèrè lọ. Kò sunkún. Mo ní kó jẹ́ kí èmi mú un lọ wo Ìbàdàn tí ẹ ṣèlérí fún un. A ó sùn sọ́dọ̀ Salome àbúrò mi, a ó dé lọ́la. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná kó má baà kan.

Ẹ má wulẹ̀ wá fìlà yín. Orí Ọmọ́ṣọlá ló wà. Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún un pé ẹni tó bá gbójú sókè wo Ilé Àwòṣífìlà, ilé gíga Ìbàdàn nì, fìlà rẹ̀ á já bọ́. Bí kò bá já bọ́, ó di irọ́ méjì nìyẹn.