Ìlà Funfun Tó Lé Ìyá Àgbà Mi Kúrò Nídìí Tábìlì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Cempaka,
George Town,
Penang.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìjẹun Kenanga,
George Town,
Penang.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PA ÌLÀ TÓ PÍN ÀWỌN OLÙJẸUN NÍYÀ NÍ KENANGA RẸ́

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀hónú mi hàn lórí ìlà funfun tí ẹ fi ọ̀dà fà sílẹ̀ láàárín àwọn tábìlì ní Ilé Ìjẹun Kenanga ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, àti lórí ohun tí òṣìṣẹ́ yín torí ìlà náà ṣe fún ìyá àgbà mi. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì, n kò sì kọ irú lẹ́tà báyìí rí. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á, mo tún un kọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù níbẹ̀, ẹ fi ṣe ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí rẹ̀ da ẹjọ́ náà nù.

Ìyá àgbà mi, Màmá Khoo Siew Gaik, ló bí ìyá mi. Ṣáínà ni wọ́n, ẹlẹ́sìn Búdà sì ni wọ́n. Ìyá mi gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù nígbà tí wọ́n fẹ́ bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Malay tí wọ́n ń ṣe Mùsùlùmí, Mùsùlùmí sì ni gbogbo àwa ọmọ. Ìkòkò tí ìyá àgbà fi ń se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se gbogbo oúnjẹ wọn. Nítorí náà, tí a bá lọ kí wọn nílé, omi inú ike tí a gbé lọ́wọ́ nìkan là ń mu. Wọn kò bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń tì í, bí ẹni tó ń wá ohun tó lè bù fún àlejò. Ìyá àgbà wo ni kì í fẹ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ?

Kenanga ló yọ wá. Ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá àgbà fúnra wọn ló ń tò síwájú ìsọ̀ àwọn Malay láti ra ìrẹsì olómi àgbọn fún wa nínú àwo aláwọ̀ ewé. Wọ́n á wá lọ ra nudulu ẹlẹ́ja tiwọn ní ìsọ̀ àwọn Ṣáínà nínú àwo pupa, a ó sì jọ jókòó. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé kí àwọ̀ àwo oúnjẹ Mùsùlùmí yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, kí a sì máa fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò lòdì sí i. Ó tọ́, ó sì tó.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, a ti ń jẹun nígbà tí òṣìṣẹ́ yín kan wá dúró lé ìyá àgbà lórí. Ó ní, "Màmá, ẹ gbéra. Àwo pupa kì í jókòó síbí mọ́." Ọ̀gbẹ́ni Veloo, tó ń gbé kọfí kiri fún gbogbo ilé náà, fi àwàdà bá wa bẹ̀ ẹ́: "Ọ̀gá, kọfí tèmi tó ń lọ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ̀sìn wo ni kí n kọ sí i lára?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ yín kò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbé àwo wọn, wọ́n lọ jókòó lódìkejì ìlà, níbi tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwo pupa. Ìyá mi náà gbé tiwọn, wọ́n tẹ̀ lé ìyá àgbà. Òṣìṣẹ́ náà dá ìyá mi padà, ó ní ẹni tó wé híjáàbù kò gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀, pé àwọn èèyàn á máa sọ ìsọkúsọ. Ìyá àgbà ló dá a lóhùn, wọn kò sì pariwo: "Ọmọ mi, èmi ni mo bí ẹni tí ò ń dá padà yìí. Ibo lo fẹ́ kó gbà wá sọ́dọ̀ mi?"

Òṣìṣẹ́ náà kò kúrò lọ́nà. Ìyá àgbà fi nudulu sílẹ̀, wọ́n lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ní kí wọ́n wá, wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn. Orúnkún kan náà ni wọ́n fi ń gun àtẹ̀gùn tẹ́ḿpìlì láràárọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, inú ń bí mi. Ìwé pélébé tí ẹ̀ ń pín fún àwọn àlejò tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè jẹun nílùú yìí gbé àwòrán Kenanga síwájú: Malay, Ṣáínà àti Tamil nídìí tábìlì kan ṣoṣo. Èwo ló ń parọ́, ìwé yín ni àbí ìlà yín? Mo gbọ́ pé àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ló fẹjọ́ sùn pé àwo ń dàpọ̀. Mo lọ bi wọ́n. Ẹni tí yóò máa kó àwo lọ síbi tó yẹ kí a ti fọ̀ ọ́ ni wọ́n ní àwọn tọrọ. Àwo ni wọ́n ní kí ẹ yà sọ́tọ̀, ẹ wá ń ya èèyàn.

Ó lè jẹ́ pé ìdí mìíràn wà tí òye mi kò gbé. Bí ó bá wà, ẹ kọ ọ́ sí mi. Bí kò bá sí, mo bẹ̀ yín, ẹ pa ìlà náà rẹ́, ẹ gba ẹni tí yóò máa kó àwo, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àgbà mi nínú ilé wọn.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò pé ọgọ́rin ọdún. Ẹ mọ̀ pé ní àṣà àwọn Ṣáínà, ọlọ́jọ́ ìbí gbọ́dọ̀ jẹ nudulu gígùn láàárín ọmọ àti ọmọ ọmọ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí a ó ti jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé àwọn á se abọ́ kan nílé.

Abọ́ kan ni wọ́n wí, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Nurhanim binti Rosman
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì, ọmọ ọmọ Màmá Khoo Siew Gaik