Ohun Tó Wà Lápá Mi

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta 2025
Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, gbogbo ilé ló gbà á àfi èmi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Nǹkan oṣù mi kì í kọjá ọjọ́ márùn-ún. Rọ́bà ìfètòsọ́mọbíbí tí nọ́ọ̀sì fi sí mi lápá ní Jánúárì ni. Ó kúkú sọ fún mi: ẹ̀jẹ̀ lè ṣe ségesège, bó bá pọ̀ jù kí n padà wá, oògùn wà. Padà lọ báwo? Síkírù ọkọ mi ò mọ̀ pé mo lọ rárá. Ọmọ karùn-ún ló ń wá. Ó ti gbàgbé pé ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ, pé àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Èmi ò gbàgbé.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá ọkọ mi — Ọ̀gá Àgbà, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — bi mí nídìí aró wa ní Kemta: "Ìyàwó mi, o ò tíì mọ́ ni?" Mo ní ó ku díẹ̀, Mà. Aṣọ alápá gígùn ni mo fi ń rẹ aró nínú ooru yìí, torí ojú ibi tí wọ́n fi rọ́bà yẹn sí. Ó ní àbí mo ti di ìyàwó àlùfáà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 8
Kò dá. Mo bá wọn jẹ sààrì, mo ní mo ti wẹ̀. Irọ́. Mo dúró ti Ọ̀gá Àgbà lórí ẹní ìkírun, mo ń forí kanlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń mu omi bí olè. Ọlọ́run, ṣé O rí mi?
Lọ́sàn-án mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Òkè-Ìléwó. Rodiat àbúrò Síkírù ń bọ̀ lódìkejì. Mo yí padà.

Àlàrùbá, 12
Ogún ọjọ́. Òyì ń kọ́ mi. Kí n yọ ọ́, kí n tún lóyún, kí n kú?

Jímọ̀, 14
Mo ṣubú nídìí aró. Nígbà tí mo lajú, Ọ̀gá Àgbà ti rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró mi. Kò bínú. Ó gbé orí mi sáyà, ó ń sunkún: "Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé oyún ń bàjẹ́ lára ẹ?" Ó ní ká lọ ọsibítù. Mo ní ká jẹ́ kí Síkírù ti Èkó dé. Mo jẹ́ kó máa sunkún ọmọ tí kò sí.

Àbámẹ́ta, 15
Síkírù ti dé, Ọ̀gá Àgbà sì ti sọ fún un pé oyún bàjẹ́ lára mi. Nígbà tí a fẹ́ ṣínu, Síkírù ò lè gbé dàbínù sẹ́nu. Omijé. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń rántí àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹnu lásán lòun fi ń béèrè ọmọ. Ó ní mẹ́rin tó. Ó ti wádìí níbi iṣẹ́: rọ́bà kan wà tí wọ́n ń fi sápá obìnrin. Lọ́jọ́ Ajé a ó jọ lọ, wọn á fi sí mi, òun á dúró tì mí.
Mo yè. Mo gbé.

Àìkú, 16
Láàárọ̀ mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi ìka Síkírù lé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo ní Jánúárì. "Oyún yẹn ńkọ́?" Mo ní kò sí oyún kankan.
Ó dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí aró. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Ọ̀gá Àgbà káwọ́ méjèèjì lérí, aró ń ṣàn sí i létí.