Ìyálé Ní Í Ṣáájú Lórí Ìwé Ogún

Ajáàwà,
oṣù kẹsàn-án, 1991.

Abọ́dúndé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Tèmídayọ̀ ọmọ ọmọ mi. Ẹ kú ìrìn àjò Kàdúná, ẹ kú àpọ́nlé àna. Ọlọ́run tó mú yín lọ tó sì mú yín bọ̀ kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbá ohun tí ojú ò rí. Àlàáfíà ni mo wà, àfi orúnkún mi, àti inú tó ń bí mi. Ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn ti bímọ, méjì ni, akọ kan, abo kan. Ìjì gbé páànù ilé ìdáná wa lọ sínú oko Bàbá Ìjọ, ó ní ẹni tó bá ni páànù ni kó wá gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wá sí Èkó. Má fò sókè, mo mọ̀ pé o ò sí nílé. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, mo wọ ọkọ̀ dé Àgùdà, àgádágodo tó tóbi bí orí àgbò ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Obìnrin tó ń gbé lókè ló ní ẹ ti lọ ṣe ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó rẹ. Mo ní kò burú. Ẹni tó bí ọkọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹni tó bí ìyàwó ń jó lábẹ́ àtíbàbà. Kò burú rárá. Mo kọjá sí Muṣin, sí ilé bàbá yín.

Ohun tó gbé mi wá ni pé mo gbọ́ pé bàbá yín ti mú lọ́yà kan ní Yábà láti bá a ṣe ìwé ogún, èyí tí wọ́n ń pè ní wíìlì, dẹ́rẹ́bà tó ń kó gààrí ló sì sọ ọ́ fún mi. Ọkọ mi ń pín ilé, dẹ́rẹ́bà gbọ́, èmi ìyálé ò gbọ́. Ta ló ti gbọ́ kó tó dé etí dẹ́rẹ́bà? Àrìnpé ìyàwó ni, ta ni ì bá tún jẹ́.

O mọ̀ pé nínú ìdílé bàbá yín, ọmọ ní í jogún, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bàbá yín ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé àwọn ìyàwó òun síta lẹ́yìn òun, ìdí nìyẹn tí òun fi wá lọ́yà. Mo kí i fún ìyẹn. Yàrá iwájú ló kọ sí orúkọ mi, yàrá tí mo bí ọ sí, ó sì kọ yàrá ẹ̀yìn sí orúkọ Àrìnpé. Inú mi dùn títí mo fi lọ ka fèrèsé. Fèrèsé tèmi kan, ti Àrìnpé méjì. Bàbá yín ní ọ̀kan nínú méjèèjì kọjú sí ṣáláńgá. Mo ní ìbáà kọjú sí ṣáláńgá, ìbáà kọjú sí ààfin, fèrèsé ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀wé lọ́yà náà, Kọ́lápọ̀ lórúkọ rẹ̀, gbé ìwé wá sílé nítorí ẹsẹ̀ bàbá yín tó wú. Ó ní bàbá yín yóò buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, àwọn náà yóò sì buwọ́ lù ú, òun sì ti yan àwọn ẹlẹ́rìí òun: Sylvester télọ̀, àti Mùktárù tó ń tún rédíò ṣe. Abọ́dúndé, ara mi gbóná. Ayálégbé! Nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yẹn, ta ló ń pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì? Èmi ni, pẹ̀lú oyún rẹ nínú. Àrìnpé ò tíì mọ ọ̀nà Muṣin. Bí ẹran bá wọlé wa, ìyálé ní í kọ́kọ́ mú. Bí iṣu tuntun bá dé, ìyálé ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣé ìwé ló wá dé tí wọ́n ní kí ayálégbé kọ́kọ́ fọwọ́ bà?

Kọ́lápọ̀ jáde lọ pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá yín ń tòògbé lórí àga. Ìwé wà lórí tábìlì, bírò wà lórí ìwé. Mo ti rí ilà ẹlẹ́rìí nígbà tí Kọ́lápọ̀ ń fi ìka tọ́ka sí i. Mo jókòó, mo tún gèlè mi wé, mo kọ ÀṢÀBÍ. Ọdún méjì ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, n kì í ṣe ẹni tó ń kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó gba gbogbo ilà náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ orúkọ bàbá yín mọ́lẹ̀.

Àṣé Àrìnpé ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Òun ò mọ̀wé, kò lè kọ lẹ́tà kan. Ó wọlé fìrì, ó ti àtàǹpàkò bọ íńkì tí wọ́n gbé wá, ó sì tẹ̀ ẹ́ gbàgà sábẹ́ orúkọ mi. Ó ní kí ìyálé òun má rò pé òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, bíi pé oyin wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Kọ́lápọ̀ wọlé, ó di orí mú. Ó kó ìwé, ó kó àwa ìyàwó méjèèjì, ó di Yábà. Ẹ̀rọ kan wà ní ọ́fíìsì yẹn tó ń jẹ́ fọ́tókọpì. Wọ́n ki ìwé wa bọ̀ ọ́, iná kọjá lábẹ́ rẹ̀, ló bá bí ìkejì, orúkọ mi gàdàgbà lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tún un kọ. Mo wo Àrìnpé, mo rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí mo wo ìwé náà dáadáa tí mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ náà ti bí ìbejì. Mo bi ọmọbìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà pé ṣé kò lè jẹ́ kó bí tèmi nìkan. Ó ní àfi kí òun fi bébà bo ìsàlẹ̀. Mo ní kó bò ó. Lọ́yà ní kó má bò ó.

Obìnrin ni lọ́yà náà, ọmọdé, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òfin sọ pé ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé ogún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun nínú rẹ̀, òun sì mú ayálégbé nítorí pé ogún ò kàn wọ́n. Ó ní bí bàbá bá buwọ́ lu ìwé yìí báyìí, kò sí yàrá iwájú fún mi, kò sí yàrá ẹ̀yìn fún Àrìnpé. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni Àrìnpé ò ní í gba nǹkan kan. Ó ní lóòótọ́ ni. Mo ní ó dára, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àrìnpé náà ní òun fara mọ́ ọn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí a ti jọ wà nílé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu wa kò nìyẹn. Lọ́yà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, bàbá yín ò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní lọ́yà yóò tẹ òmíràn, ṣùgbọ́n òun ò ní í fọwọ́ kàn án àfi tí àwa méjèèjì bá lọ fẹnu ara wa sọ fún lọ́yà pé a kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí àṣà ìdílé pín in, kí ọmọ gba ilé, kí ìyàwó wá ibi tí yóò jókòó sí. Ó sọ ọ́ tán, ó ń mí gúlegúle. Ẹsẹ̀ yẹn ti wú dé orúnkún, Abọ́dúndé. Mo ní kí Àrìnpé kọ́kọ́ lọ yọ tirẹ̀. Ó ní rárá, ìyálé ní í ṣáájú. Mo bínú, mo wọkọ̀, mo padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń rò ó. Ìyá bàbá yín ni mo wá tọ́jú ní Ajáàwà, ọdún mẹ́sàn-án kó tó kú, lẹ́yìn rẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí n padà wá. Àrìnpé ló ń gbọ́ ikọ́ bàbá yín, èmi ń gbọ́ ti ewúrẹ́. Yàrá iwájú yẹn nìkan ló kù tí mo lè nawọ́ sí ní Èkó pé tèmi nìyí.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé bí Àrìnpé bá fi lọ yọ tirẹ̀ ṣáájú mi, yóò máa wí i títí ayé pé òun lòun kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn ọkọ wa balẹ̀. Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ìyálé ní í ṣáájú. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, mú mi lọ sí Yábà, má sọ fún Lydia ọmọ Àrìnpé. Bí a bá bá Àrìnpé lẹ́nu ọ̀nà lọ́yà, fi ìgbọ̀nwọ́ là á fún mi. Kí o sì bá mi bi lọ́yà bóyá wọ́n lè fi fèrèsé kan kún yàrá iwájú nínú ìwé náà, tàbí kí wọ́n dí ọ̀kan nínú ti Àrìnpé.

Fi owó ọkọ̀ rán dẹ́rẹ́bà gààrí sí mi, kó pọ̀ díẹ̀, n kò lè wọ ìró tí Àrìnpé ti rí lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Fi ti páànù náà kún un.

Orí tó gbé mi dé ilé ọkọ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀ yóò fi ọ́ ṣáájú níbi tó yẹ kí o ṣáájú. Ibi tí ẹni tó ṣáájú ti ń pàdánù, kí ó fà ọ́ lẹ́wù sẹ́yìn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàbí.

Wò ó, mo kọ ọ́ kékeré. Mo lè kọ ọ́ kékeré bí mo bá fẹ́.