Ọ̀nà Olúmọ Gba Ìfọ̀ Kọjá

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ 2025
Ọkọ̀ ti dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kámírì àtijọ́, ilẹ̀kùn kan aláwọ̀ ewé. Àfàìmọ̀ ni mo ń pè é — àfàìmọ̀ kó má kú sọ́nà. Ishaq ọkọ mi ń nù ún bí ọmọ tuntun. Mo ti ṣèlérí fún Hàmdálàt ọmọ mi: yóò gun òkè Olúmọ kó tó lọ sí ilé-ìwé bọ́dìn lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ọkàn mi ò tíì gbà á. Iṣẹ́ mi ní Oregun ń gba Sátidé mi, Sọ́ńdè mẹ́ta péré ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 24
A ò dé Abẹ́òkúta. Ìyá ọkọ mi bá wa lọ. Ààrẹ ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, torí iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó, àṣẹ wọn la sì ń tẹ̀ lé. A dé Sango, wọ́n ní kí Ishaq yà — a kì í kọjá níwájú ilé ẹbí ká má kí wọn. Ìkíni di ìrẹsì, ìrẹsì di oorun. Aago márùn-ún la dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 31
Ìfọ̀ lónìí. Ojú títì gan-an ni ilé Àǹtí Ràbí, àbúrò Ààrẹ, wà. Wọ́n pa adìẹ fún wa. Hàmdálàt ò fọwọ́ kan ẹran, ó ń sunkún. Àǹtí Ràbí bi í, ó sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: Olúmọ, bọ́dìn, Sọ́ńdè kan ṣoṣo tó kù. Ojú tì mí. Bí a ṣe ń padà sílé, Ààrẹ ń yíjú wo Hàmdálàt lẹ́yìn ọkọ̀ títí a fi dé Abúlé Ẹ̀gbá.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án
Ishaq ní ká fi Ààrẹ sílẹ̀ nílé. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Èmi kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 7
A DÉ O! Bó ṣe ku díẹ̀ ká dé Ìfọ̀, Ààrẹ fa ìborùn bojú, wọ́n rọra ń yọ̀ sísàlẹ̀ lórí ìjókòó títí mi ò fi rí orí wọn mọ́. "Tẹná, Ishaq! Mi ò sí nínú ọkọ̀ yìí!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lórí òkè — atẹ́gùn, òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu, ọmọ mi ń pariwo pè mí. Ààrẹ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Inú mi dùn dẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 8
Ààrẹ ò jẹun dáadáa. Wọ́n ní bí Ràbí bá gbọ́, yóò ní ẹ̀gbọ́n òun ti kọ òun.

Ọjọ́ Ajé, 15
Àná la sin Hàmdálàt lọ sí bọ́dìn. Ilé pa rọ́rọ́. Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Ràbí pe fóònù Ààrẹ. Kí wọ́n tó kíra, Ààrẹ ti ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rín ni Àǹtí Ràbí bú sí. Wọ́n ní iwájú ilé làwọn jókòó sí lọ́jọ́ náà, àwọn rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé lókèèrè, làwọn bá sáré wọlé, àwọn sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

"Ṣé kí ẹ tún rí mi, kí ẹ tún yà ni? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn gun òkè ọ̀hún àbí kò gùn ún?"

Ààrẹ fi ìborùn nu ojú. "Ó gùn ún, Ràbí. Ó gùn ún."