Ohun Tí Òyìnbó Ń Pe Sísọni Di Òtòṣì

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń kí bí mo bá ti wọlé,

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, bí mo bá ti dé lọ́sàn-án, ẹ ó gbé bútà àlùwàlá yín kalẹ̀, ẹ ó ní, "Kí ni Òyìnbó wí lónìí?" Màá sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹ ó máa yí i lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì, ẹ ó máa dá rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní èdè Òyìnbó nísinsìnyí, níhìn-ín ní Èsìẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè mọ́ bí mo bá délé.

Ọ̀rọ̀ tòní ni impoverish. Inú àyọkà tí a kà ló wà. Mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí á sọ ènìyàn di òtòṣì. Mo ní a lè lò ó fún ilẹ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n bá dá oko sórí rẹ̀ títí tó fi ṣá. Mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń fẹ́ olùwà, ó sì ń fẹ́ àbọ̀: ẹnìkan tàbí nǹkan kan ló ń ṣe é sí ẹlòmíràn. Mo wá ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn.

Ọmọbìnrin kan dìde, ọ̀kan nínú àwọn tí òbí wọn sá kúrò lábà.

"Mà, tí a ò bá mọ ẹni tó ṣe é ńkọ́?"

Mo ní kó fi "wọ́n" ṣe olùwà. Ó rò ó díẹ̀, ó sì sọ ọ́ lédè Òyìnbó pé wọ́n sọ bàbá òun di òtòṣì. Gbólóhùn náà péye. Mo ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un, wọn ò pàtẹ́wọ́.

Bàbá, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó dé bá oko yín. Lẹ́yìn tí ẹ jáde láyé, àwọn oníbọn wọ igbó wa. Wọ́n gbé ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, a ò rí i títí dòní. Gbogbo ènìyàn pa oko tì. Bọ̀dá Ràímì ọmọ yín nìkan ló ń lọ, nítorí ó ní iṣu yín kò ní jẹrà lójú òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìbọn dún nítòsí rẹ̀ láàárín ebè. Ó sáré délé láìwọ bàtà. Iṣu náà jẹrà sínú ilẹ̀. Bọ̀dá ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Gánmọ báyìí. Bí mo bá pè é, á ní, "Ara mi le," á sì pa fóònù. Ṣé ẹ ń yọjú sí i lójú àlá? Ṣé ó ń bá yín sọ òótọ́?

Nígbà tí mo délé lónìí, Ìyá ti dáná. Èbù iṣu èfùrù tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣà sí kọ̀rọ̀ yàrá de ìgbà gbígbìn, òun ló ń fi ọ̀bẹ bẹ.

"Ìyá, èbù nìyẹn."

"Mo mọ̀." Kò gbójú sókè. "Oko wo la fẹ́ gbìn ín sí?"

Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Mo bá a fọ ìkòkò, mo bá a ko iná, a sì fi epo jẹ ẹ́, àwa méjèèjì, láìwo ojú ara wa. Bàbá, ebi ń pa mí. Ó dùn. Mo jẹ tèmi tán, mo sì tún bù sí i.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ ibi tí yóò gbé ìwé yìí sí.