Igi Òwú Tí Ẹ Kò Fún Mi

Yèyé mi,

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe àwọn ọmọ mi, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀yin gan-an. Ẹ ṣáà gbọ́ mi lọ́run tí ẹ wà.

Jẹjẹrẹ mú mi lọ́yàn òsì. Ó ti kọ́kọ́ mú Wùmí, àbúrò mi, ní Oǹdó lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ sì ti yá. Ọyàn kan náà, ìyá kan náà. Dókítà obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí ní Àkúrẹ́ níbí gba àyè lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó yẹ kókó tí wọ́n gé lára wa wò.

Yèyé, ṣé ẹ rántí àwọn igi kéékèèké tí ẹ fi ń ká òwú nídìí òfì? Irú ẹ̀ wà nínú ara èèyàn, ojú lásán ò lè rí i. Ìsítóònù ni wọ́n ń pè é. Òwú gígùn kan tí gbogbo àṣírí ara wà lórí rẹ̀ ni Ọlọ́run ká sí i. Àwọn kan nínú igi wọ̀nyí yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan tóbi, òun ló ń di òwú mú pinpin kí jẹjẹrẹ má baà ráyè sáré. Ó kún inú kókó Wùmí. Nínú tèmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìyẹn ni pé tèmi lè yára, ó sì lè padà wá. Àmì ni, kì í ṣe ìdájọ́. Àmọ́ èmi ni wọ́n ṣàmì sí.

Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pín in. Kí ni wọ́n mọ̀? Ṣé wọ́n bá wa jẹun rí? Ta lẹ máa ń bu orí ẹja fún? Èmi ni mo ń ká òwú yín tó ń le dáadáa, ẹ ò yìn mí rí. Wùmí á ká tirẹ̀ wúruwùru, ẹ ó tu itọ́ sí àtàǹpàkò, ẹ ó tún un ká, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀rín yẹn náà lẹ fi kó igi ńlá fún un?

Mò ń jowú rẹ̀, mi ò purọ́. Nígbà tí irun tí abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ mú re lórí rẹ̀ hù padà, tó wá fi hàn mí nílé mi ní Ìsìkàn níbí, ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn.

Ní Sátidé tó kọjá, pẹ̀lú bí epo ṣe wọ́n tó lásìkò líle yìí, ó kó ẹrù wá láti Oǹdó láti wá tọ́jú mi. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí tó gbé wá títí oòrùn fi rọlẹ̀, kó tó padà lọ. Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, mi ò lè gbé kẹ́tùlù omi.

Mi ò bẹ èèyàn rí, mi ò sì ní bẹ Wùmí. Ṣùgbọ́n gbèsè wà nílẹ̀. Kíláàsì kejì ni mo wà tí ẹ fi mú mi kúrò nílé ìwé kí n lè máa pọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà lẹ́yìn mi. Ẹ yọ sí i lójú àlá lóru òní, ẹ ní kó padà wá. Mi ò ní tilẹ̀kùn lọ́la. Kó wá san ọdún mẹ́ta mi fún mi.

Èmi ni,
àkọ́bí yín, tó ṣì fẹ́ràn yín tipátipá.